Ojú Ihò Méjì Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Marlia

Ewé mẹ́ta ni Puan Kamariah fi ìka méjì fà yọ lábẹ́ wáípà ọkọ̀ pupa kékeré náà. Ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò ra wọ́n, ó sì na ìka náà sí mi. Ó dúdú.

"Bala, kí lo rí?"

"Ìdọ̀tí ni, Puan."

"Ìdọ̀tí wo?"

Mo tẹjú mọ́ ọn. Kì í ṣe erùpẹ̀. Ó ń dán díẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ bí dúdú ìdí ìkòkò.

"Ó jọ dúdú èéfín ọkọ̀."

"Òun ni. Ẹnu páìpù ẹ̀yìn ni irú dúdú yìí máa ń wà. Kí ló wá gbé e dé ìdí gíláàsì iwájú?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi, Sájẹ́ǹtì Thanabalan, ti ń bá Ínsípẹ́kítọ̀ Kamariah Deraman, ẹni tí à ń pè ní Puan, ìyẹn ìyáàfin, ṣiṣẹ́ ní ìlú Taiping. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ ìpínlẹ̀ Kelantan, kì í gbé ohùn sókè. Tó bá ti bi ọ́ ní ìbéèrè kan tó sì dákẹ́, á jẹ́ pé ó ti ń rí nǹkan tí ìwọ ò rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sí ẹlòmíì ní tẹ́ṣàn tó ń wá nǹkan kan mọ́. Gbogbo wọn gbà pé ẹjọ́ náà ti parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Òjò ńlá ń rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín rí ọkọ̀ yìí lábẹ́ igi, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ fẹ̀yìn ti ìjókòó bí ẹni tó ń sinmi. Marlia lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Dókítà ní èéfín ẹ́ńjìnnì ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí kì í ní òórùn, tó máa ń fi oorun gbé èèyàn lọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀, Pak Jamhari, rìn wọ tẹ́ṣàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Ó ní Khusairi ọkọ rẹ̀ ló pa á. Inú àgbàlá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ilé bàbá kọjú sí ilé ọkọ. Ó ní lójú òun báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Khusairi sì fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Marlia bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Àwa lọ wo ilé náà. A rí rọ́bà gígùn kan nínú àkójọ ẹrù Khusairi, irú èyí tí omi ń gbà, tó lè gbé èéfín láti páìpù ẹ̀yìn wọ inú ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà wà. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìlàgẹdú, wọ́n ní ó jáde ní aago méjìlá, kò sì padà títí aago méjì fi kọjá. A bi í pé ibo ló lọ. Kò sọ.

Ọ̀gá wa, Rosdi, ti kọ ìwé rẹ̀ tán. Ní àárọ̀ Ẹtì, wọ́n á gbé Khusairi lọ sí kọ́ọ̀tù.

Puan Kamariah ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bẹ orí wọlé. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan nínú ibí yìí?"

"Kò sẹ́ni kankan, Puan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé òkú, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọ wá síbí."

"Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ wà ní títàn. Ṣùgbọ́n wo irin kékeré yìí." Ó tọ́ka sí ọwọ́ irin kan lábẹ́ rédíò. "Tó bá wà lápá òsì, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà ni á máa yí po. Tó bá wà lápá ọ̀tún, ìta ni á ti máa fà á wọlé. Ọ̀tún ló wà."

"Òjò ń rọ̀. Gíláàsì á ti kún fún ìkùukùu. Èmi náà máa ń fà á sọ́tùn-ún."

"Ìyẹn ni mo ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á." Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ dúró síwájú ọkọ̀.

Ihò méjì ló wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, tí wọ́n gé gígùn bí ojú ológbò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì sún mọ́ gíláàsì iwájú pẹ́kípẹ́kí. Àwọn ọ̀dọ́ Taiping máa ń ṣe irú rẹ̀ sí ọkọ̀ kékeré kí ooru ẹ́ńjìnnì lè ráyè jáde, kí ọkọ̀ náà sì lè jọ ti eré ìje. Púpọ̀ nínú rẹ̀ burẹ́wà. Èyí rẹwà. Etí ihò náà tẹ́jú, wọ́n fi irin tín-ínrín mẹ́rin ṣe ìpéǹpéjú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà rẹ̀ sì bá ti ara ọkọ̀ mu débi pé o ò lè mọ ibi tí irin àtijọ́ parí sí.

"Tíṣà jẹ́léósinmi," ni Puan Kamariah wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí ló fẹ́ fi èyí ṣe?"

*

Khusairi jókòó sí yàrá ìbéèrè bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbé. Ọkùnrin gíga ni, èékánná rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun igi. Wọ́n mú un lọ síbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, wọ́n sì mú un padà.

"Khusairi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti méjìlá sí méjì."

"Mo ti sọ fún wọn, Puan. Mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

"Obìnrin mìíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ẹ bá mi wá a, tí ẹ bá rí i."

"Nítorí kí lẹ fi ń jà?"

"Ta ni kì í bá ìyàwó rẹ̀ jà?"

"O gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ń fi èékánná kan họ ìyẹ̀fun igi kúrò nínú èkejì.

"Ta ló gé ihò sórí rẹ̀?"

Ó wo Puan Kamariah, ó wo èmi, ó wá wo tábìlì.

"Bàbá rẹ̀ ni. Panẹ́lìbítà ni wọ́n. Wọ́n dára jù ní gbogbo Taiping nígbà tí wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gbóná ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá fẹ́ ihò fún?"

"Puan, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Ó ti tó."

Nígbà tá a jáde, mo ní, "Ẹni tó pa èèyàn ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ náà ń sọ ọ́," ni Puan Kamariah wí. "Gbé rọ́bà yẹn wá fún mi."

*

Rọ́bà náà ni Ọ̀gá Rosdi gbójú lé. Puan Kamariah gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó wé aṣọ funfun kan mọ́ orí wáyà, ó sì tì í wọ inú rọ́bà náà láti ẹnu kan dé èkejì. Nígbà tó fà á jáde, aṣọ náà ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀.

"Òun ni Khusairi fi ń pààrọ̀ omi ibi tó ń tọ́jú ẹja sí, Ọ̀gá. Èéfín ò gba inú rọ́bà yìí kọjá rí."

"Ó lè ti fọ̀ ọ́."

"Tó bá fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí omi aláwọ̀ ewé yìí ì bá ti bá a lọ. Ó tún fẹ̀ jù fún ẹnu páìpù ọkọ̀ náà. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Rosdi ti rọ́bà náà kúrò níwájú rẹ̀. "Kamariah, obìnrin kan kú nínú ọkọ̀ tó tì. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ọkọ. Ọkọ ò sọ ibi tó wà. Bí kì í bá ṣe òun, mú ẹlòmíì wá fún mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Ìyẹn ló mú ká padà sídìí ọkọ̀. Puan Kamariah ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di ibẹ̀ mú. Mẹ́ta ti tú, ara irin tó wà yí wọn ká sì dúdú bí èédú. Lórí ọ̀kan, ojú sípánà hàn gbangba, tuntun, irin rẹ̀ ń dán.

"Ẹnì kan fọwọ́ kan èyí láìpẹ́," ni mo wí. "Ẹnì kan tú u."

"Ta ni, nínú àwọn tó mọ Marlia, ló ní sípánà?"

Mo mọ ẹnì kan. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Loh, tó ní ṣọ́ọ̀bù táyà àti ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà ilé wọn, ló gba gbogbo oníbàárà Pak Jamhari kí bàbá tó ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní bàbá kì í kí i.

*

Loh wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan nígbà tá a dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí.

"Ṣé táyà yín ló jò, àbí èmi lẹ fẹ́ mú?" ni ó wí láti ibẹ̀.

"A ò tíì mọ̀," ni Puan Kamariah dáhùn. "Jáde wá."

Ó yọ ara rẹ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́. Nígbà tó rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, àwàdà kúrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ Marlia ni."

"Nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ojú sípánà tuntun. Sípánà ta ni?"

"Tèmi."

Mo sún mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ wò mí.

"Ó wá ṣe táyà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó wakọ̀ wọlé, mo gbọ́ ọ kó tó dúró. Tík-tík-tík. Èéfín ń jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá létí á gbọ́ ọ. Mo ní, 'Ọmọ, èyí ò dára, jẹ́ kí n bá ọ dì í.' Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti fi sípánà kan ọ̀kan, ló bá di ọwọ́ mi mú."

"Nítorí kí ni?"

Loh wo ojú ọ̀nà. Ilé Pak Jamhari ò jìnnà síbẹ̀.

"Ó ní, 'Ankúù Loh, bàbá mi ló ń tọ́jú ọkọ̀ yìí. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò fi fọwọ́ kan irin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ò gbọ́ ọ.' Etí bàbá ti lọ, Puan. Ogójì ọdún lórí irin. Gbogbo wa la mọ̀, òun nìkan ni kò gbà. Ẹni tí etí rẹ̀ pé ò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì yẹn kó má gbọ́ pé ó ń jò."

"Ó wá gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ní òun á wá bí òun á ṣe sọ ọ́ fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Mo sọ fún un pé tó bá ń rìn, kò léwu púpọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni èéfín ń gbà lọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Mi ò ronú kan ihò yẹn."

Puan Kamariah sún mọ́ ọn. "Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó mọ̀?"

"Òun náà gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń fa ìjà. Ó ní kí Marlia gbé ọkọ̀ wá síbí, Marlia kọ̀." Loh wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú páálí kékeré kan jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kí èéfín má baà jò. "Ọkọ ló wá rà á níbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A jọ ṣètò pé lọ́jọ́ Ẹtì, tí bàbá bá lọ kírun Jímọ̀, òun á gbé ọkọ̀ wá, màá ṣe é, màá sì fi òróró àtijọ́ kun ún kí ó má jọ tuntun. Bàbá ò ní mọ̀."

"Aago mélòó ló wá?"

"Méjìlá kọjá díẹ̀. Ó fẹ́ padà síbi iṣẹ́, òjò wá bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló jókòó sí tó ń wò ó títí di aago méjì."

Láàárín méjìlá sí méjì, lábẹ́ òjò kan náà, Marlia ń dúró lábẹ́ igi kí òjò dá.

"Wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni mo wí. "Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ?"

"Ìyàwó mú mi búra. Ọkọ mú mi búra. Àwọn méjèèjì ní bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́." Ó wo Puan Kamariah. "Ẹ̀yin ì bá lọ sọ ọ́?"

*

Puan Kamariah ra òògùn ẹ̀fọn róbótó, irú èyí tí wọ́n ń sun, lójú ọ̀nà. Nígbà tá a dé tẹ́ṣàn, ó tan iná sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ó tò wọ́n sórí àwo irin, ó gbé wọn sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí nọ́ọ̀tì ti tú, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Wọlé, Bala. Pa gíláàsì dé. Má tan ẹ́ńjìnnì. Fáànù nìkan."

Mo wọlé, mo tan fáànù, mo fa irin kékeré náà sápá òsì ná. Mo ń wo èéfín tó ń jáde láti ojú ihò méjèèjì, ó ń gòkè lọ sójú ọ̀run. Nǹkan kan ò ṣe mí.

"Fà á sọ́tùn-ún."

Mo fà á. Èéfín náà ò gòkè mọ́. Ó tẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ìdí gíláàsì, ó sì rá wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ wáípà. Mi ò tíì mí lẹ́ẹ̀mẹwàá tí òórùn òògùn ẹ̀fọn fi kún ọ̀fun mi. Kí ọkùnrin kan tó lè mu kọfí rẹ̀ tán, mi ò rí ọwọ́ mi dáadáa mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ń wúkọ́.

"Ti ìwọ ní òórùn, o sì lè sá jáde," ni Puan Kamariah wí. "Ti Marlia ò ní."

Ó jókòó lórí pèpéle tẹ́ṣàn. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Tí ọkọ̀ bá ń jò láìsí ihò, abẹ́ ni èéfín ń gbà lọ. Tí ihò bá wà tí kò jò, ooru lásán ló ń jáde. Tí méjèèjì bá wà tí ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn á fọ́n ọn ká. Ó ní láti dúró sójú kan. Òjò ní láti rọ̀ kó tó pa gíláàsì dé. Gíláàsì ní láti ṣú kó tó fa irin yẹn. Kò sí ẹni tó lè to gbogbo rẹ̀ jọ fún un. Ṣe ni wọ́n to ara wọn."

"Ta ló wá pa á, Puan?"

"Mo gbàdúrà kí o má bi mí."

*

Khusairi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Nígbà tí Puan Kamariah dé orí òògùn ẹ̀fọn, ó bo ojú.

"Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì Loh," ni ó wí. "Mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì sórí itan mi. Inú mi dùn pé mo ti rí ọgbọ́n dá."

"Wàá máa lọ sílé lónìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé."

Ó gbé orí sókè kíá. "Ṣé bàbá máa ka ìwé yẹn?"

"Adájọ́ á kà á."

"Puan, ẹ gbọ́. Ìgbà tí ìyá Marlia kú, bàbá ò jáde nílé fún oṣù mẹ́jọ. À ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹun. Marlia ló pa irọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ń gbóná. Kò gbóná rí. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí gbọ́ ìró fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin. Wọ́n ń kọrin, Puan. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu wọn rí." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ẹ kọ ohun tó bá wù yín fún adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bàbá máa rò pé èmi ni. Wọ́n lè kórìíra mi kí wọ́n sì wà láàyè. Èyí, wọn ò lè gbé e."

Puan Kamariah na aṣọ ìnujú kan sí i.

"Màá gbìyànjú," ni ó wí.

Nínú ọkọ̀, ó sọ fún mi pé òun á kàn sọ fún bàbá pé ìjàm̀bá ni, ọkọ̀ ti gbó, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Mo gbà. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ la wọ àgbàlá Pak Jamhari. Bàbá náà wà nídìí iṣẹ́, ó ń fi aṣọ nu ara ọkọ̀ kékeré kan tó ní àwọ̀ búlúù. Kò gbọ́ pé a wọlé. Puan Kamariah gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró.

Ihò méjì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ búlúù náà. Ibi kan náà. Iṣẹ́ kan náà.

Ó yí síwájú bàbá kí ó lè rí ẹnu rẹ̀.

"Pak Jamhari, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ni èyí?"

"Tíṣà Hasnah ni." Ohùn rẹ̀ ròkè bíi ti ẹni tó ń pe ará òkèèrè. "Òun àti Marlia jọ ń ṣiṣẹ́. Ó rí ti Marlia, ó ní òun náà fẹ́. Mo ti gé e kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo wá ronú pé kí n parí rẹ̀, nǹkan tí Marlia bá mi wá ni. Ó ń bọ̀ wá gbé e nísinsìnyí. Ó fẹ́ fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Kuala Kangsar."

Mo wo Puan Kamariah. Mo rí i tí ìlérí tó ṣe fún Khusairi kúrò lójú rẹ̀.

"Bala, gbé àga wá fún bàbá."

"Kò rẹ̀ mí. Ṣé ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́?"

"Pak Jamhari, kí ló dé tí ihò náà fi sún mọ́ gíláàsì báyìí? Àwọn tó ń gé e ní ìgboro, iwájú ni wọ́n ń gbé e sí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú bàbá náà rọ̀. "Èmi náà fẹ́ gbé e síwájú. Marlia ló kọ̀. Ó ní, 'Ẹ sún un sẹ́yìn, Bàbá, kí n lè máa rí iṣẹ́ yín bí mo bá ń wakọ̀.'"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń bi oníṣẹ́ ọwọ́ nípa ibi tó gbé nǹkan sí bí kò bá nídìí.

"Kí ló dé tí ẹ fi béèrè?"

Puan Kamariah kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ dáadáa kí bàbá lè kà á. Kò fi Loh pamọ́, kò fi gásíkẹ́ẹ̀tì pamọ́. Nígbà tó parí, bàbá lọ sídìí ọkọ̀ búlúù, ó gbé wáípà sókè, ó sì fi ìka kan àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ ibí yìí," ni ó wí. "Ogójì ọdún ni mo fi ń kó ewé kúrò níbẹ̀."

"Bàbá."

"Nọ́ọ̀tì tó tú yẹn. Ó ń dún?"

"Ó ń dún."

"Loh gbọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Khusairi gbọ́ ọ. Marlia náà gbọ́ ọ."

"Wọn ò fẹ́ dójú tì yín, Bàbá. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún. "Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi," ni ó wí. "Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi títí ọmọ mi fi kú."

Ó wọlé. A rò pé ó lọ sunkún. Nígbà tó jáde, irin pẹlẹbẹ méjì àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló mú wá. Níṣojú wa ló dí ihò méjèèjì tó wà lórí ọkọ̀ Tíṣà Hasnah, ó jó wọn pọ̀, ó sì lọ̀ ọ́ títí tí ọwọ́ ò fi lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé èmi di etí. Òun ò mọ̀ ọ́n lára.

Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó, ó ní kí Puan Kamariah mú ìwé jáde.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Jamhari ni mo pa á."

"Òfin ò ní orúkọ tó máa fún un, Bàbá. Ìjàm̀bá ni adájọ́ máa pè é."

"Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ojú ìwé kan àtààbọ̀, gbogbo ohun tó sọ gẹ́lẹ́. Bàbá buwọ́ lù ú. Ó béèrè ìgbà tí a máa wá mú un. Puan Kamariah sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni, tàbí kò fẹ́ ka ẹnu rẹ̀.

Wọ́n tú Khusairi sílẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Puan Kamariah pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo sọ fún bàbá," ni ó wí. "Ọkọ̀ kejì wà nínú àgbàlá. Tíṣà Hasnah fẹ́ fi kó ọmọ."

Khusairi fara ti ògiri. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó wá gba ìgbànú rẹ̀ àti bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ, kò dúró wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rán mi lọ dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé bàbá, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Abọ́ ìrẹsì méjì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Àpò kékeré kan wà láàárín wọn, ó di dáadáa, etí ìró sàróǹgì yọ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí bàbá rí aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn mi, ó dìde, ó sì gbé àpò náà.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Khusairi wí, ó dojú kọ ọ́ kó lè rí ẹnu rẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n wá mú."

Bàbá wò mí. Mo mi orí pé kì í ṣe òun. Ó jókòó padà, ó gbé àpò náà sórí itan, ó sì tún kọjú sí ojú ọ̀nà.